Asẹ́ Tí Ẹlẹ́ja Gbé Wá fún Bàbá

Ẹni tó bá wọ kẹ́míìsì láàárọ̀ Mọ́ńdè, tó ní kí wọ́n kó gbogbo omi abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ fún òun, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí Ẹ̀sọ̀ ṣe náà nìyẹn. Ẹ̀sọ̀ kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta oògùn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kó tó ka ìwé dókítà tán, kó ka iye oògùn, kó tún un kà, kó wá wojú aláìsàn bóyá òun gan-an ló ni ìwé, ìlà àwọn tó ń dúró á ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó dára lọ́mọ, ṣùgbọ́n kò tíì lọ́kọ. Àwọn ọkùnrin wá, ó yẹ̀ wọ́n wò bó ṣe ń yẹ oògùn wò, wọ́n sì lọ.

“Gbogbo ẹ̀, sà?”

“Gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní òmíì lẹ́yìn, ẹ bá mi kó o wá.”

“Ta lẹ fẹ́ gún lábẹ́rẹ́?”

“Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ gún. Ẹja ni.”

Ẹ̀sọ̀ gbé bíírò sílẹ̀. “Ẹja lẹ fẹ́ gún lábẹ́rẹ́?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ga, ó tínrín, èékánná rẹ̀ dúdú fún epo ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn dáadáa. Ó ní ẹja òkun lòun ń sìn nílé, nínú àpótí gíláàsì. Asẹ́ tóun fi ń sẹ́ omi fún wọn ló là láàárọ̀ yẹn, tuntun ò sì ní dé kó tó dọ̀la, bẹ́ẹ̀ omi àwọn ẹja ti lọ sílẹ̀. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú lòun ń wá, òun ò sì mọ ibòmíì tóun ti lè rí i.

“Omi ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Omi ẹ̀rọ kẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Pẹ̀lú májèlé táwọn èèyàn yẹn ń dà sí i? Bí mo bá da kọ́ọ̀bù kan lé wọn lórí, ó parí nìyẹn.”

“Àwọn èèyàn yẹn,” Ẹ̀sọ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́, “bàbá mi wà lára wọn ní ilé-iṣẹ́ omi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi da májèlé yẹn.”

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ṣé ẹ kì í ta ilẹ̀ níbí? Kí n ra èyí tó máa gbé mi mì.”

Ẹ̀sọ̀ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ta igò méjìlá fún un, ó fi ìyókù sílẹ̀ fáwọn tí àìsàn tòótọ́ ń ṣe, nígbà tí ọkùnrin náà sì lọ tán, ó rí i pé òun ti ka oògùn ẹni tó kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìmọ iye tó jẹ́. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ wọ aṣọ tuntun wò lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Ẹsẹ̀ gígùn méjì ló kọ́kọ́ rí, tó na jáde lábẹ́ tábìlì máṣíìnì.

“Ẹlẹ́ja!” Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Orí gbá abẹ́ tábìlì, gbàù. Ọkùnrin náà fà jáde, ó ń fọwọ́ pa orí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

“Ẹ̀yin méjèèjì mọra?” Àǹtí bọ́ gíláàsì ojú. “Ọkùnrin yìí ti ń tún máṣíìnì mi ṣe láti ọdún mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀ ju ‘ẹ káàárọ̀ mà’ lọ. Ẹ wá wo ẹyín lẹ́nu ẹ̀! Èmi ò mọ̀ pé ó ní tó bẹ́ẹ̀.”

“Àǹtí, omi ni mo tà fún un.”

“Omi. Hẹn-ẹn. Gbogbo ẹ̀ kúkú máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.”

Àǹtí kì í ṣe ẹni tó ń jókòó wo nǹkan. Máṣíìnì tí Ẹlẹ́ja ti tún ṣe tán lọ́jọ́ yẹn, ó tún bà jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀sọ̀ sì ṣèèṣì wà níbẹ̀. Ó tún bà jẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹlẹ́ja tú u wò, ó rí i pé wọ́n kàn yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni, ó dá a padà, kò sọ nǹkan kan. Inú Ẹ̀sọ̀ ti ń dùn láti Ọjọ́bọ̀ kí Sátidé tó dé, ìyẹn sì ń dẹ́rù bà á.

Nígbà tó di oṣù kejì, Àǹtí mú un lọ kí Ẹlẹ́ja nílé. Pálọ̀ kékeré ni. Àga gígùn kan ló wà níbẹ̀, ìyókù àyè, àpótí gíláàsì ló gbà á láti ògiri dé ògiri. Ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn tó ní àmì funfun lára ń sá wọ inú ohun kan tó rí bí òdòdó tó ń mì, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù ń tọ ẹ̀yìn òkúta, ọ̀kan tó tóbi, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, wá dúró gbọnrangandan níwájú Ẹ̀sọ̀, ó ń wò ó.

“Àgbà nìyẹn,” Ẹlẹ́ja ní. “Ọdún méje ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Òun ló ń yẹ àlejò wò.”

“Ṣé mo yege?”

“Kò tíì kọ ẹ̀yìn sí ẹ. Àwọn kan wà tó kọ ẹ̀yìn sí.”

Ó mú wọn dé kíṣìnnì, ó fi asẹ́ hàn wọ́n. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n to ara wọn mọ́ ògiri. Èyí àkọ́kọ́ ń gba iyanrìn. Èkejì kún fún èédú, òun ló ń gba oògùn omi. Ẹ̀kẹta ní awọ kan nínú tó fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé omi nìkan ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹrin jẹ́ hóró kéékèèké aláwọ̀ búlúù tó ń gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Tó bá ti kún, á pàwọ̀ dà, á di pupa rúsúrúsú, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń pàwọ̀ dà. Ó fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ lápò, kò ju bíírò lọ, ó tì í bọ omi ẹ̀rọ, ó ka igba ó lé díẹ̀. Ó tì í bọ omi tó ti ẹnu asẹ́ jáde, ó ka òdo.

“Òdo,” ó ní, ìdùnnú sì wà nínú ohùn rẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ ronú pé, ọkùnrin tó lè fi sùúrù báyìí ṣe omi ẹja, tí ẹnikẹ́ni ò rán an, tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, èèyàn lè fi ara rẹ̀ síkàáwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ẹlẹ́ja wí pé òun fẹ́ wá kí Bàbá, kò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó máa bọ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́ fún yín. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ omi, ṣùgbọ́n aago márùn-ún àárọ̀ ló ṣì ń jí. Ìyá Ẹ̀sọ̀ kú nígbà tọ́mọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá ló lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, òun ló di irun rẹ̀, ó di í wọ́gọwọ̀gọ, tí wọ́n fi ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kò fẹ́ ìyàwó míì. Bí àlejò bá wọlé rẹ̀, á fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi ẹ̀rọ sí gíláàsì, á gbé e fún un, á dúró, á máa wò ó títí ó fi máa mu ún tán. Ìgbà náà ló máa tó ní, “Ẹ kú àbọ̀.”

Ẹlẹ́ja wá pẹ̀lú páálí ńlá kan. Ẹ̀sọ̀ rò pé aago ògiri ni. Àǹtí, tó tẹ̀ lé e wá bí alárinà, rò pé fáànù ni. Bàbá bu omi fún un, Ẹlẹ́ja mu ún tán láìdúró mí, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, ojú Bàbá sì ti ń rọ̀. Ìgbà náà ni Ẹlẹ́ja tú páálí.

Asẹ́ ni.

“Ọwọ́ mi ni mo fi tò ó, sà,” ó ní, òógùn ayọ̀ wà lójú rẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Abẹ́ síǹkì lẹ máa gbé e sí.” Kí ẹnikẹ́ni tó lè fa aṣọ rẹ̀, ó ti yọ ẹ̀rọ kékeré bíi bíírò yẹn, ó tì í bọ inú gíláàsì omi ẹ̀rọ tó wà níwájú Bàbá. “Ẹ wò ó, sà, igba ó lé mẹ́rìnlá. Tẹ́ ẹ bá fi èyí sẹ́ ẹ, òdo ló máa dà.”

Àǹtí pa ojú dé. Ẹ̀sọ̀ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

“Igba ó lé mẹ́rìnlá kí ni?” Bàbá béèrè.

“Ohun tó wà nínú omi ni, sà.”

“Ohun wo?”

“Ẹ̀rọ yìí ò lè sọ ìyẹn, sà. Iye ẹ̀ nìkan ló ń sọ.”

“Èmi lè sọ ọ́.” Bàbá ò gbóhùn sókè. “Ẹfun inú òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀, òun ló ń mú egungun le. Iyọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀. Oògùn tó ń pa kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀. Lọ́dún tí mo débi iṣẹ́ yẹn, pósí ọmọdé ni káfíńtà àdúgbò yìí ń kàn jù. Lọ́dún tí mo kúrò, kò rántí ìgbà tó kan ọ̀kan kẹ́yìn. Igba ó lé mẹ́rìnlá yẹn tó o fi ń hàn mí, èmi ni mo fi sí i. Mo fi ojú tó sùn tì ṣe é, mo fi ẹ̀dọ̀fóró tí oògùn ti bà jẹ́ ṣe é. O wá gbé asẹ́ wálé mi kó o lè sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi dànù.”

“Sà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo...”

“Di páálí ẹ. Ilé ẹja nìyẹn wà fún. Ibí yìí, ilé èèyàn ni.”

Nígbà tí Ẹlẹ́ja lọ tán, Bàbá fọ gíláàsì náà, ó nù ún. Ó ní, láìwo ojú ọmọ rẹ̀, “Ẹni tí omi ilé mi ò tó, ọmọ ilé mi náà ò lè tó o. Mo ti sọ̀rọ̀.” Kò béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Ẹ̀sọ̀ náà ò sì sọ.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ò lè fẹ́ ọkùnrin lẹ́yìn bàbá tó lọ aṣọ ilé-ìwé fún un, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹlẹ́ja pẹ̀lú omijé. Ẹlẹ́ja ní òun á dúró. Àǹtí ń lọ, ó ń bọ̀, bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọkùnrin náà ti bẹ̀bẹ̀.”

“Mo ti sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣeé tún sọ.”

“Tèmi ti gan.”

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó ń jẹ Ẹ̀sọ̀ lọ́kàn jù. Kì í ṣe Bàbá. Òdo yẹn ni. Bó bá dùbúlẹ̀, á rí ìdùnnú ojú Ẹlẹ́ja nígbà tó ka òdo, ẹ̀rù á sì bà á. Ọkùnrin tí omi tí gbogbo ìlú ń mu ò tẹ́ lọ́rùn, ṣé òun lòun máa tẹ́ ẹ lọ́rùn? Òun tóun ń gbàgbé gáàsì lórí iná? Òun tí inú ń tètè bí láàárọ̀? Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fún un láyè oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, ó gba ilé Ẹlẹ́ja lọ, ó sì bi í ní tààràtà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ìyàwó òdo lo ń wá?”

Ẹlẹ́ja wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fà á lọ́wọ́ wọ kíṣìnnì, níbi tí omi tó ti sẹ́ wà nínú àgbá, ó ṣí àpò iyọ̀ òkun, ó bu ú, ó dà á sínú àgbá náà, ó bu òmíràn lé e.

“Bí mo bá fi ẹja sínú omi òdo, kò ní pẹ́ kú. Kò sóhun tó lè gbé ibi tí kò sí nǹkan kan. Mo ń sẹ́ ẹ kí n lè mọ ohun tí mo ń fi sí i ni, torí tí nǹkan bá ṣe wọ́n, wọn ò lè pè mí kí wọ́n sọ ọ́. Ohun tó dáa fún wọn ni mo gbé lọ fún Bàbá, mo rò pé ó gbọ́dọ̀ dáa fún gbogbo ayé. Agọ̀ ni mo ṣe. Bàbá ló jàre.”

“Mi ò bi ẹ́ léèrè Bàbá. Èmi ńkọ́? Kí lo rí nínú èmi?”

“Ìfura,” ó ní. “Ó pọ̀. Àánú. Orí kunkun díẹ̀. Bàbá ẹ náà wà níbẹ̀, òun ló pọ̀ jù. Kò sí èyí tí mo fẹ́ yọ.”

Ẹ̀sọ̀ fi orí sí àyà rẹ̀, ó sunkún, ó sì pẹ́ kó tó padà síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò bẹ̀rù òdo mọ́. Ohun tó ń fẹ́ wá hàn sí i kedere: ọkùnrin yìí ni, pẹ̀lú ìbùkún Bàbá. Méjèèjì ló fẹ́, kò sì fẹ́ fi ọ̀kan ra èkejì.

Àárọ̀ Sátidé kan ni fóònù rẹ̀ dún. Bàbá jókòó níwájú rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.

“Ẹ̀sọ̀.” Ohùn Ẹlẹ́ja ò dún bí ohùn rẹ̀. “Wọ́n ń kú. Gbogbo wọn ti gòkè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Mi ò yí nǹkan kan padà, mo búra. Àwọn hóró tó ń lo oṣù mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò, wọ́n ti pupa tán. Mi ò rí i, àárọ̀ yìí ni mo tó rí i. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.”

Ẹ̀sọ̀ gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ̀ pé a kì í dárúkọ ọkùnrin yẹn nínú ilé. Ó dárúkọ rẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tó gbọ́.

Bàbá ò gbójú sókè. “Ọjọ́ mélòó làwọn hóró yẹn lò?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Ó bá a mu.”

“Kí ló bá kí ni mu, Bàbá?”

Ó ká ìwé ìròyìn, ó ká a kéékèèké. “Wọ́n ti yí oògùn omi padà. Tẹ́lẹ̀, kiloríìnì nìkan ni. Wọ́n ti ń pò ó mọ́ amóníà báyìí kó lè pẹ́ nínú páìpù. Èèyàn ń mu ún, kò sóhun tó máa ṣe é. Ẹja ni kò lè gbà á. Èédú tí ọ̀rẹ́ ẹ ń lò ò tó o. Tí hóró yẹn bá sì ti kún, amóníà á gba ibẹ̀ kọjá lọ bá ẹja.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí wá kí mi, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní àwọn ti kọ̀wé sáwọn ilé ìwòsàn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, àwọn sì ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ pátákó ìta fáwọn tó ń sin ẹja. Ó ní àwọn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka pátákó yẹn. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni tó ń sin ẹja.”

Ẹ̀sọ̀ dìde dúró. “Kí lẹ sọ?”

“Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan.”

Mo ti ní Ẹ̀sọ̀ kì í kánjú. Lọ́jọ́ yẹn ó kánjú. “Ẹ mọ̀, Bàbá! Ẹ jókòó síbí, ẹ ń jẹun, ẹ mọ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá mọ̀ pé omi ti bàjẹ́ tí kò kìlọ̀ fún aládùúgbò, burúkú ni. Ẹja ò ṣẹ̀ yín. Èmi náà ò ṣẹ̀ yín!” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pariwo mọ́ bàbá rẹ̀. Ó mú báàgì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn, ohùn náà kéré.

“Dúró. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Jẹ́ n pe àwọn èèyàn mi ní yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ omi. Wọ́n ní omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru ẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí.”

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni Ẹ̀sọ̀ àti Bàbá gbé dé ilé Ẹlẹ́ja. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí Bàbá, kò lè kí i dáadáa. Lórí àga, nínú abọ́ funfun kan, Àgbà, ẹja ńlá yẹn, dùbúlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá. Bàbá wò ó. Ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ sókè.

“Iyọ̀ ẹ dà? Mélòó lo ń fi sí kẹ́ẹ̀gì kan? Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ méjì, gbé méjèèjì sí i. Má dà á lójijì o, wọ́n á kú. Díẹ̀díẹ̀.”

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n po iyọ̀, wọ́n mú kí omi tuntun lọ́ wọ́ọ́rọ́ dọ́gba pẹ̀lú ti inú àpótí, wọ́n ń fa omi burúkú jáde, wọ́n ń bu tuntun sí i. Bàbá kúnlẹ̀ sílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó tú asẹ́, ó ní kí Ẹlẹ́ja to asẹ́ èédú méjì sí i, kí omi rọra máa gbà á kọjá, kó má sáré. Ó fetí sí ìró omi, ó yí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀, ó tún fetí sí i. “Níbẹ̀ yẹn,” ó ní. Ẹlẹ́ja kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń bi í léèrè, Bàbá ń dáhùn, ohùn Bàbá sì ń le sí i bí ohùn ọ̀gá níbi iṣẹ́. Nígbà tí Àǹtí dé lọ́sàn-án, ẹja aláwọ̀ ọsàn méjèèjì ti padà sínú òdòdó wọn, búlúù ti wà lẹ́yìn òkúta.

“Ẹ ṣeun, sà,” Ẹlẹ́ja ní. Ojú rẹ̀ kún fún omi. “Ọlọ́run ló rán yín. Ẹ ṣeun gan-an ni.”

Ẹ̀sọ̀ wo bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé tí Bàbá bá kàn dé fìlà báyìí, tó ní “kò tọ́pẹ́”, gbogbo nǹkan á dára, Ẹlẹ́ja ò sì ní mọ̀ láéláé. Kò mọ èyí tóun ń fẹ́.

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi,” Bàbá ní. “Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí mo ti mọ̀ pé oògùn ti yí padà. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹlẹ́ja kankan, mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀ ẹ́. Inú ló ń bí mi. Èmi ni mo pa ẹja tó wà lórí àga yẹn.”

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dún. Ẹlẹ́ja wo abọ́ funfun.

“Ọdún méje, sà.”

“Ọmọ mi sọ fún mi.”

“Ẹ̀ bá ti sọ.”

“Ó yẹ kí n sọ.” Bàbá fi fìlà sórí orúnkún. “Mo lé ẹ nílé mi nítorí gíláàsì omi kan. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni wàá sọ bóyá o ṣì fẹ́ kí irú èèyàn bíi tèmi jẹ́ bàbá ìyàwó ẹ.”

Ẹlẹ́ja gbójú kúrò lára abọ́ náà. “Inú ń bí mi, Bàbá.”

“Ó yẹ kó bí ẹ.”

“Ó máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó rọ̀.”

“Gba àkókò ẹ.”

“Ṣùgbọ́n ká ní ẹ dákẹ́ lónìí ni, mi ò bá má mọ̀ láé. Ẹ sì sọ ọ́ fúnra yín. Àwọn tó máa sọ ọ́ ò pọ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Mo ṣì fẹ́, sà. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ bàbá ìyàwó mi.”

“Ẹ ṣeun!” Àǹtí ti fò dìde. “Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́! Àwọn èèyàn tìẹ, ìgbà wo ni wọ́n lè wá? Oṣù tó ń bọ̀ dáa. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀sẹ̀ kejì tẹ́ ẹ lọ́rùn?”

“Ẹ jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ kẹta,” Bàbá ní, “kí n lè kun ilé.”

“Ẹ dúró ná,” Ẹ̀sọ̀ ní.

Wọ́n yíjú sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ ti lé e, ẹ ti gbà á padà, ẹ ti fẹ́ kun ilé. Láti ọjọ́ tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá, ẹ ò bi mí rí.”

Bàbá gbé fìlà sórí àga. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ọjọ́ kan tóun ti bi í, kò sì rí ọjọ́ náà. Ó dìde, ó rìn kọjá àwọn kẹ́ẹ̀gì, ó wá dúró níwájú rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí?”

Ẹ̀sọ̀ ti rò pé bí ìbéèrè náà bá dé, òun á kọ́kọ́ dákẹ́, òun á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe òun. Ẹnu rẹ̀ ò dúró dè é.

“Mo fẹ́ ẹ, Bàbá.”

Bàbá tẹ etí sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ méjèèjì ń pariwo, òun ò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ. Ó gbọ́ o, gbogbo wa la mọ̀ pé ó gbọ́. Ẹ̀sọ̀ tún un sọ, ó pariwo ẹ̀, débi pé àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ.